Bàbá Rẹ Ti Wọ Kọ́là fún Fírísà

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́, àtẹ̀gùn gíga tí o máa ń gùn lọ sí yàrá rẹ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí rẹ̀. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rí ojú rere, tìrẹ kò ní ṣìnà, àwọn tó ń bá ọ jókòó ní ọ́fíìsì kò ní fi ẹnu dídùn gba ipò rẹ, àmín. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń sùn, eékún mi ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà nígbà tí òjò bá ṣú, ó sì ti pẹ́ tá a ti jọ ń bọ̀, mi ò kà á sí àìsàn mọ́.

O ó máa rò ó pé kí ló dé tí màmá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, fóònù ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Bàbá rẹ ti fi wáyà so ó kọ́ sára ògiri lókè fírísà, ibẹ̀ ló ń gbé báyìí, nítorí pé ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Dátà tí o ń rà fún wa, ọkùnrin yẹn ló ń jẹ ẹ́. Tí dátà bá ti tán báyìí, ebi á pa á, á dákẹ́, á la ẹnu sílẹ̀, nǹkan róbótó kan á sì máa yí níwájú rẹ̀ títí a ó fi fún un ní òmíràn.

O béèrè nípa fírísà nínú iṣẹ́ tí o rán sí mi kẹ́yìn, o ní kí n ya fọ́tò rẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ jókòó. Fírísà náà wà, kò kú, ó ń tutù, ṣùgbọ́n kò rí bí o ṣe rà á fún mi mọ́. Ẹja tí mò ń tà ti kúrò nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ti sọ ọ́ di ilé bíà.

Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọtí, wọn ò fẹ́ràn bíà inú ìgò. Wọ́n ní inú àgbá ni bíà ti ń gbádùn ara rẹ̀, tó bá ti wọ ìgò, ẹlẹ́wọ̀n ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á kàn jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo ọ̀nà, tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, wọ́n á sọ fún mi pé awakọ̀ yẹn ti pẹ́ jù kó tó pààrọ̀ jíà. Àfi ìgbà tí wọ́n rí ọkùnrin inú fóònù yìí, tó gbé fírísà bíi tiwa gan-an kalẹ̀, tó ki àgbá bọ̀ ọ́ nínú, tí bíà tútù sì ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde bí omi, nínú ilé ara ẹni. Ojú bàbá rẹ là. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ti fún wọn ní ọkọ̀ tuntun.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àràárọ̀ ni mo máa ń kí i, màá ní ẹ kú iṣẹ́ o, kò dáhùn rí. Mo gbé omi síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ wá pé kí a jọ̀wọ́, kí a tẹ àtàǹpàkò fún òun, kí a tẹ agogo òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo tẹ agogo náà. Kò dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ń bẹ̀bẹ̀ agogo kan náà, mo bá sọ fún bàbá rẹ pé ẹni yìí máa ń tètè gbàgbé oore.

Òun ló sọ pé a ò gbọdọ̀ lu ara fírísà, pé páìpù tó ń mú un tutù wà káàkiri inú ara rẹ̀, tí a bá lu ọ̀kan pẹ́nrẹ́n, ó parí. Pákó ni kí a fi ṣe férémù sí àárín ara rẹ̀ àti ìdérí, inú pákó yẹn ni a ó ti lu ihò tí ẹnu ẹ̀rọ yóò gbà yọ. Ó ní kọ́là ni wọ́n ń pè é, bíi ti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, pé fírísà gbọ́dọ̀ wọ kọ́là. Mo béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí: pákó ń fẹ́ káfíńtà, káfíńtà kan ṣoṣo ló sì wà ní àdúgbò wa, àbúrò mi ni.

O mọ̀ pé bàbá rẹ àti àbúrò mi ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá, nítorí ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà wa. Àbúrò mi ló ṣe ilẹ̀kùn náà, ó ń họ ilẹ̀, bàbá rẹ wá lọ sọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níṣojú gbogbo ènìyàn, pé ilẹ̀kùn tí Onígunmẹ́rin ṣe fún àwọn, tí èèyàn bá fẹ́ tì í, àfi kó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Onígunmẹ́rin ni wọ́n máa ń pe àbúrò mi, nítorí kò sí ohun tó rí tí kì í fi téèpù wọ̀n. Nígbà tó dé etí rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn òun tọ́, ilé ló wọ́, kí Dírẹ́bà, bí òun náà ṣe ń pe bàbá rẹ, lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó da kọ́ńkéré ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ló sì fi ọwọ́ ara wọn da kọ́ńkéré náà! Ó tán síbẹ̀. Àbúrò mi ní òun ò ní gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé mọ́ láéláé. Àwọn méjì tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ kí n tó mọ bàbá rẹ, àbúrò mi ló mú bàbá rẹ wá sílé wa tí wọ́n fi rí mi! Dráàfù tí wọ́n máa ń jọ ta ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ nìkan ló wá ń dá a ta, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì ta, wọ́n sì tún ń bínú sí ọwọ́ òsì. Ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun. Ọkọ mi nìyẹn, àbúrò mi nìyẹn, èwo ni kí n jù nù?

Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Mi ò kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ohùn mi kúnlẹ̀. Mo ní fírísà mi ni kó wá bá mi wò, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, téèpù lọ́wọ́, ó wọn ohun tó fẹ́ wọ̀n, bàbá rẹ ń wo fóònù, òun ń wo fírísà, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Ó wá lọ ń kan kọ́là náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni èmi bá di ẹni tó ń rìn láàárín wọn.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má ṣe é bó ṣe ṣe ilẹ̀kùn o. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní wọ́n kí i, pé wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Àbúrò mi ní kí n sọ fún ọkọ mi pé kì í ṣe nítorí tirẹ̀ lòun fi ń ṣe é. Nígbà tí mo délé, mo ní ó ní nítorí yín lòun fi pa iṣẹ́ àwọn yòókù tì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń tún un sè fún wọn. Títí di ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tí eékún ń yọ mí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi, mo ní ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ń dun àwọn, pé kò yẹ káwọn sọ ọ́, kó má bínú. Àbúrò mi gbé ìfági kalẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó fun imú. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ gáàsì. Bàbá rẹ gbé sìlíńdà kékeré kan wọlé, èmi rò pé wọ́n rántí ìdáná mi ni. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo so rọ́bà rẹ̀ mọ́ sítóòfù, mo ṣáná sí i. Ó pa ìṣáná. Mo ṣá òmíràn, ó pa á. Mo tan fìtílà kí n lè fi wo ohun tó ń ṣe é, ó pa fìtílà náà! Mo gbé e rù, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, mo ní nítorí pé ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ìdáná lo ṣe ta gáàsì tó ti bàjẹ́ fún wọn. Ó ní gáàsì tó ń ti bíà jáde ni, kì í jó. Mo ní èwo ni gáàsì tí kì í jó? Ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá wò mí. Bàbá rẹ ló wá mú èmi àti sìlíńdà padà sílé.

Kọ́là parí, ó dára, ó ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e wọ fírísà, igun kan ìdérí ò dé. Bàbá rẹ wú ikọ́ ẹ̀tàn díẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé irin rẹ̀ tó ní omi nínú lé orí pákó, omi dúró ní àárín. Ó gbé e lé ilẹ̀, omi sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i, bàbá rẹ náà rí i. Ilẹ̀ ló wọ́. Mo ní ó tán, ó máa sọ ọ́ wàyí, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.  Ó kàn gé pákó pẹlẹbẹ kan, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ fírísà, ìdérí dé gbáú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bàbá rẹ dúró síbẹ̀ pẹ́, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan pákó pẹlẹbẹ náà.

Ọjọ́ tí àgbá dé, ọmọlańke ni wọ́n fi gbé e, ìwọ náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ọkùnrin inú fóònù ní kí a jẹ́ kó sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá rẹ ní àwọn ti sinmi tó. Àbúrò mi wá wo bí ihò rẹ̀ ṣe gba ẹnu ẹ̀rọ, ó wá ní kí n sọ fún ọkọ mi pé òun ti gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ó ti tán nínú òun. Bàbá rẹ ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wo? Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Èmi yíjú sí ọkùnrin inú fóònù. Dátà ti tán, ó la ẹnu sílẹ̀.

Ọlọ́run ló kó mi yọ. Bàbá rẹ fi ìbínú fa ẹnu ẹ̀rọ, kì í ṣe bíà ló jáde, ìfófó ni, ó ń tú fùú, rọ́bà já nínú fírísà, ó ń jà bí ejò, ìfófó dé àjà, ó dé gèlè mi, ó dé ojú ọkùnrin inú fóònù. Bàbá rẹ kígbe pé Onígunmẹ́rin, di ìdérí mú! Àbúrò mi kígbe pé Dírẹ́bà, ẹ pa gáàsì! Ọmọ mi, ojúkojú! Mi ò sí láàárín! Àbúrò mi jókòó lé ìdérí, bàbá rẹ wá orí gáàsì títí wọ́n fi rí i pa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n wo ara wọn, ìfófó ń kán ní irùngbọ̀n àwọn méjèèjì, àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti fi ẹnu ara wọn sọ pé ilẹ̀ yìí wọ́ o. Àbúrò mi ní ilẹ̀kùn náà sì ń họ díẹ̀. Wọ́n wá rántí mi, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ wo ni mo ń sọ kiri. Mo ní ẹja mi ń jóná lórí iná, mo sá jáde. Kò sí ẹja kankan lórí iná.

Nígbà tí àbúrò mi ń lọ, ẹnu ilẹ̀kùn iwájú ló gbà. Kò ṣí. Òun ń tì, bàbá rẹ ń fà, àfi ìgbà tó ṣí lójijì tí wọ́n ṣubú lu ara wọn. Ó ní òun á mú ìfági wá lọ́la. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá. Á fá ilẹ̀kùn díẹ̀, á ní ó kù díẹ̀, bàbá rẹ á ní kó má kánjú, wọ́n á bu bíà, wọ́n á gbé dráàfù kalẹ̀. Bíà náà ti ń jáde dáadáa báyìí. Wọ́n fún èmi náà ní ẹnu ẹ̀rọ kan, omi tútù ni mò ń tà nínú tèmi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A fẹ́ gáàsì tí kì í jó, a fẹ́ ife gíláàsì, a fẹ́ dátà kí ebi má pa àlejò wa, èmi sì fẹ́ fírísà kékeré fún ẹja mi, kí o má sọ fún bàbá rẹ títí yóò fi dé. Aago kékeré tí wọ́n fi sára fírísà bíà yìí ò rìn, mẹ́ta ló máa ń kọ tọ̀sán tòru, bàbá rẹ ní òtútù ló ń kà, mi ò bá wọn jiyàn. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọ́ tó dún, ṣùgbọ́n mo gbọn fóònù náà títí, nǹkan kan ò já bọ́.

Ilẹ̀kùn onírin tí o ní o fẹ́ rà fún wa ńkọ́? Má rà á. Káfíńtà ni bàbá tó bí mi, mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn yẹn ti ń họ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ni. Nígbà tí mò ń gbálẹ̀ lánàá, mo wo ibi tí àbúrò mi ti ń fá láti ọjọ́ yìí wá. Òkè ni. Kò tíì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rárá. Bàbá rẹ ló sì máa ń bá a di ilẹ̀kùn náà mú, ojú wọn sì ń ríran dáadáa. Mo kó èérún pákó náà dà nù, mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo rí i.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí yóò máa wá ọ̀nà àtiwá sọ́dọ̀ rẹ. Iṣẹ́ rẹ á tòrò, oorun rẹ á dùn, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Nígbà tí o bá dé, fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà dáadáa. Gbogbo wa wà nínú ilé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.