Gàrí Kíkan Tí Mo Ń Dín fún Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ara Màámi le, iṣẹ́ gàrí sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Nígbà tí dókítà ní ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́ náà gan-an lẹ jáwọ́ nínú ṣúgà. Gàrí nìkan lẹ ò fi sílẹ̀. Kí ni gbogbo wa máa ń sọ? Pé gàrí Ìjẹ̀bú kan, pé kíkan rẹ̀ ti pa ṣúgà inú rẹ̀. Èmi tí mò ń dín gàrí tà tún wá gbọ́n ju gbogbo yín lọ. Mo ya ẹ̀gẹ́ tiyín sọ́tọ̀, ó ń lo ọjọ́ méje nínú àpò kí n tó dín in, kó lè kan dáadáa. Lọ́sàn-án, ẹ ó fi ẹ̀pà mu abọ́ méjì, ẹ ó sì máa ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù.

Lẹ́yìn tí ẹ fayé sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ara tèmi le, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ó ní gàrí ìbáà kan, ìbáà má kan, ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Bàbá, mo jókòó sórí ẹní títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Ṣé èmi ni mo ṣe é? Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi?

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Bàbá Ràṣídì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń lọ sóko, wá ra gàrí. Ẹ mọ̀ pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ọlọ́jọ́ méje yẹn náà ni wọ́n ń rà, wọ́n ní oògùn ni. Mo ti bù ú tán, àmọ́ ìtìjú dì mí lẹ́nu. Tí mo bá sọ ọ́ fún wọn, wọn ó mọ ohun tí mo fún ọ̀rẹ́ wọn. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo da gàrí náà padà sínú àpò.

“Bàbá, ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀ mọ́, kíkan rẹ̀ ò pa ṣúgà kankan. Òun ni mo fi ń bọ́ bàbá mi.”

Mo rò pé wọn ó bú mi ni.

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ò mọ̀,” wọ́n ní. “Nu ojú ẹ.”

Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi abọ́ ńlá sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ ni ìyàwó wọn ń sè, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹja tútù láti Ìbíadé, òkèlè ò sì ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ìkọ́kọrẹ́ pàápàá, ìwọ̀nba ni. Wọn ò fi oògùn wọn ṣeré, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn tí ọ̀kadà ń gbé kiri tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ráhùn o, wọ́n ní mo ti sọ àwọn di ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́. Èmi náà ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé gàrí mi dára, àmọ́ kì í ṣe oògùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ní ṣúgà àwọn ti wálẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí nídìí agbada, wọ́n bi mí bóyá mo ṣì máa ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa, kí n sì sọ fún yín pé kí ẹ má tíì retí àwọn.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tí ọkàn rẹ̀ sì ti fúyẹ́ díẹ̀.