Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Bíríkì, Labalábá Inú Ògiri

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo fi ojú jọ, tí mo sì fi iṣẹ́ jọ,

Èmi ni o. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti wọlẹ̀ sùn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì to búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo yí yín ká. Bíríkìlà bíi yín, tó kọ́ ìdajì ilé àdúgbò wa ní Iléṣà, òun ló wá sùn sábẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán. Ojú ń tì mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ̀yin náà lẹ kúkú fọwọ́ sí i. Òfin ẹgbẹ́ yín ni pé bí bíríkìlà bá kú, tó sì ní ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ yẹn ni yóò mọ sàréè rẹ̀. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi bí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Bó bá sì yọ̀ǹda, irin tí bàbá rẹ̀ fi ń bu símẹ́ǹtì di ti ẹni tó bá mọ sàréè náà, ọmọ yẹn ò sì ní mọ ilé nílùú mọ́ láéláé. Mo rántí bí ẹ̀yin àti Ọ̀gá Lámídì ọ̀rẹ́ yín ṣe máa ń jókòó síta, tí ẹ ó máa fi òfin yìí yangàn. Ǹjẹ́ ẹ rò ó rí pé ọmọ lè wà níbi tí kò ti lè jáde?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo wà. Yàrá kan ni mo gbà ní Jeppestown, ní Johannesburg níbí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń lọ tò kí wọ́n lè sọ ọ́ dọ̀tun. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kọjá bọ́dà pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ ó ní kí ló kàn mí nínú ìwọlé. Àbẹ̀kẹ́ ni, Bàbá. Ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ lórí fóònù, tí ẹ kì títí fóònù fi já. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Soweto ló ń gbé lọ́dọ̀ Thandi ìyá rẹ̀, ọmọ ìlú ibí ni, a ò gbé pọ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń wọ táksí lọ wò ó. Bí mo bá wá mọ sàréè yín, ọmọ mi á máa gbọ́ ohùn mi lórí fóònù nìkan. Bí mo bá jókòó ti ọmọ mi, ẹ̀yin wà nínú yẹ̀pẹ̀. Ibi tí mo há sí nìyẹn.

Iṣẹ́ wà ṣá. Bọ́ọ̀lù àgbáyé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kọ́lé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Randburg ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bíríkì pupa ni wọ́n ń lò níbí, kòtò kékeré kan sì wà lójú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo da ojú kòtò náà délẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi pé ká máa da ojú ihò búlọ́ọ̀kù délẹ̀ kí símẹ́ǹtì má baà ṣòfò. Odindi àárọ̀ ni mo fi tò ó, mo tún ń fẹ̀. Fọ́mánù dé, ó ní kí n wó gbogbo ẹ̀. Níbí, ojú ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè kó lè mu símẹ́ǹtì yó. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé bàbá mi ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n mo panu mọ́, mo wó o.

Ògiri méjì ni wọ́n sì ń mọ fún ilé kan, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, àyè ṣófo láàárín. Wáyà kan tí wọ́n tẹ̀ bí ìyẹ́ méjì ló ń so wọ́n pọ̀. Labalábá ni wọ́n ń pe ìyẹn. Apá kan rẹ̀ wà nínú ògiri ìta, apá kejì wà nínú ògiri inú, tí wọ́n bá sì ti mọ ọ́n kọjá, ó parí, kò lè lọ síbì kankan mọ́. Nígbà míì tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ símẹ́ǹtì, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé.

Ṣùgbọ́n labalábá ti Màmá ló ń pa mí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Bí labalábá bá ti wọ pálọ̀, àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Látìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni àlejò ọ̀hún. Bùsọ́lá àbúrò mi sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan báyìí, wọn á gún iyán, wọn á dé e pa, wọn á máa wo ọ̀nà títí iyán á fi tutù. Ó tún ní òjò ti jẹ́ kí ojú sàréè yín jìn wọlẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti ń gbé inú kòtò náà. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé tí a bá bá ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìpìlẹ̀, ká má gbẹ́ ẹ mọ́, omi ti wà nítòsí. Ṣé omi ti dé ọ̀dọ̀ yín ni? Ṣé ibẹ̀ tutù?

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wọ yàrá tèmi náà lóṣù kẹta, lẹ́yìn òjò. Ìyá Zulu tó wà ní yàrá kejì ní ẹnì kan ló rán an sí mi, ó ní kí n da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì ìjọ wa ní ọ̀tá ilé bàbá mi ni. Èmi jókòó tì í, mo ń béèrè yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ayé bá mi dé nìyẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, labalábá funfun gba orí Johannesburg kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọjá, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ó fi òyìnbó bi mí ibi tí wọ́n ń lọ, mo ní ilé ìyá-ìyá ẹ ni, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyá bàbá ẹ ní Iléṣà ni mo fẹ́ sọ. Màá purọ́ bí mo bá ní mi ò jowú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá mú abọ́, wọ́n lọ ń gbọ́n omi kúrò lórí sàréè yín. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bùsọ́lá bá wọn lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ wọn ti rin gbindin, wọn ò sì gbà kó gbé wọn dìde. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mi ò lè fara dà á mọ́.

Mo pe Ọ̀gá Lámídì. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ẹgbẹ́ yín pé jọ sídìí sàréè, wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́ mi. Mo dárúkọ yín. Mo dárúkọ ara mi. Mo ní mo yọ̀ǹda. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé irin yín lé Ọ̀gá Lámídì lọ́wọ́, mo gbọ́ tó fi ha orí búlọ́ọ̀kù. Màmá wá gba fóònù. Wọ́n kàn ń mí, èmi náà ń mí, títí fóònù fi já.

Wọ́n ní sàréè náà gún régé. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Soweto. Àbẹ̀kẹ́ sáré wá pàdé mi ní géètì, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé e, Bàbá, ọwọ́ tó yẹ kó kọ́ ilé yín.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Mo ṣì fẹ́ràn yín.

Èmi ni ọmọ yín ọkùnrin, tó ń mọ ilé fún àwọn tí kò mọ orúkọ yín.