Ọkọ̀ Òfuurufú Mi Kò Bómi Lọ

Sátidé, 1987

Atẹ́gùn gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí mo fọwọ́ ara mi kàn lọ sí Amadi-Ama, àdúgbò àwọn ẹlẹ́ja létí omi, lónìí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ rẹ́rìn-ín: "Corper, leave am. Water don carry am."

Ta ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ta omi lọ́rẹ?

Ẹ̀rọ kan tó ń ké wà nínú ọkọ̀ náà, rédíò mi sì ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá gba rédíò, ó tẹ̀ lé ibi tí ariwo ti pọ̀ jù, ó rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Mo gba rédíò padà, mo ń yí imú rẹ̀ kiri: kì í gbọ́ ohun tí imú rẹ̀ bá dojú kọ gan-an, nítorí náà ibi tí ohùn bá ti kú lọ̀nà.

Orí páànù ilé ìyá ẹlẹ́ja kan ni mo ti bá ọkọ̀ mi, apá rẹ̀ kan ti kán.

Ọ̀gá ní n ò gbọdọ̀ gbé e fò mọ́. Mo ní, "Yes sir." Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ apá ẹ̀ ti ń gbẹ.