Irọ́ Tí A Pa fún Ìyá Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún o. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú kú ọdún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ kí mi lọ́jọ́ ọdún, ẹ ó ti kan ilẹ̀kùn mi kí n tó jí. Lọ́dún yìí, mo jí fúnra mi, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń retí ìkànkùn.

Ọdún tó kọjá le. Mo ṣì ń ránṣọ ní Moniya, àbúrò mi sì ti rí iṣẹ́ sí Olódò. Ilé dákẹ́. Ó ń wù mí kí n gbọ́ bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, bí ẹni ń tọrọ àyè nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lẹ́yìn tí a sin yín, àwọn àbúrò yín fẹnu kò pé ìyá yín kò gbọdọ̀ gbọ́, pé ìròyìn náà lè pa wọ́n. Ojú wọn ti ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn jáde ní abúlé ẹ̀yìn Ìjàyè níbẹ̀ mọ́. A bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa á mọ́ra. A ní iṣẹ́ bíríkìlà ti gbé yín lọ sí Kùtọnú, pé fóònù yín ti bàjẹ́. Èmi ni àwọn àbúrò yín ń rán sí Ìyá Àgbà. N ó ra búrẹ́dì tó rọ̀, irú èyí tí ẹ máa ń rà fún wọn nítorí eyín, n ó ní ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú Ìyá Àgbà ń dùn. Wọ́n á gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún yín, n ó sì máa ṣe àmín. Bàbá mi, ṣé ẹ mọ bí àmín ṣe ń há ni lọ́fun? Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣu tuntun jáde, ẹ ò wá. Ọyẹ́ dé, ẹ ò wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun tí àwọn fi ṣẹ̀ yín. Wọ́n ní bóyá ẹ ti fẹ́ ìyàwó kan níbẹ̀ tó ní kí ẹ má mọ ìyá mọ́. Búrẹ́dì náà, adìẹ ni wọ́n ń fún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìlọ wò wọ́n! Inú bí mi sí àwọn àbúrò yín, ó sì bí mi sí ẹnu ara mi. Àánú la fi sọ yín di ọmọ burúkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo lọ kí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi títí, wọn ò dárúkọ yín. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọn ò gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n rọra bi mí bóyá ọmọ àwọn kú ni, àbí ó nù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, n kò mọ̀ pé ìyá kan lè máa fi bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ la ẹnu pe Kùtọnú. Ẹkún ló jáde.

Wọ́n fi etí ìró wọn nù mí lójú kí wọ́n tó nu tiwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pe oríkì yín, Àkànní, Àkànní, títí ohùn fi há.

Àwọn àbúrò yín ń bínú sí mi báyìí. Ìyá Àgbà kò jẹun bí i ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Ṣé mo ṣe é re, Bàbá mi, àbí mo ti kó bá wọn? Àdúrà mi lọ́dún tuntun yìí kò pọ̀: kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa, kí oúnjẹ máa lọ lọ́fun wọn, kí n má tún purọ́ fún wọn mọ́. Kí ọdún yìí sàn wá ju èṣí lọ. Kí ẹ̀yin náà sinmi.

Lánàá, mo tún lọ wò wọ́n. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ìta, wọ́n ń gbàdúrà. N kò wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dú, Bàbá mi. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ àwọn kò gbàgbé àwọn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.