Ọ̀gákọ̀ Wálé Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ní Ọ̀gákọ̀ lè wálé! Ọjọ́ Ẹtì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú péré, kó tó padà sí ọsibítù, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Suva, olú ìlú Fiji, fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ló pè mí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Bàbá, mo ní aláìsàn mìíràn o."

Vasemaca ni àlùfáà ń pè é. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gákọ̀ ni, ọ̀gá ọkọ̀ mi, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Gbogbo ayé mi ni mo fi so ọkọ̀ mọ́ èbúté Savusavu, obìnrin kan ṣoṣo ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń so èmi.

Ìròyìn ayọ̀ kejì: ọbẹ̀ ẹja mi ti jinná dáadáa. Láti ìgbà tí jẹjẹrẹ inú ti gbé e dè mọ́ ọsibítù ni mo ti ń kọ́ oúnjẹ sísè ní bòókẹ́lẹ́. Ìkòkò ti jóná, irun ojú mi ti jóná. Lónìí mo fá àgbọn, mo fún un, mo da omi rẹ̀ sórí ẹja àti ewé kókò. Mo tọ́ ọ wò — mo ní láti jókòó. Mo bù lára rẹ̀ fún Kelera nílé kejì, ìyàwó Ilaitia tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gákọ̀ lọ́kùnrin. Ó fi ìka lá àwo. Kelera! Ẹni tí kì í yin ẹnikẹ́ni!

Ọjọ́ Ẹtì, ẹnu á ya Ọ̀gákọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo gbálẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ wọlé. Mo tún ilẹ̀ gbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ilaitia fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e dé kí oòrùn tó mú. Ó ti fúyẹ́. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹní. Ó ní, "Bàbá Litia, rọra o, èmi kì í ṣe àpò àgbọn gbígbẹ." Mo ní àpò àgbọn kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí. Ó gbá mi létí — ìgbátí tí eṣinṣin gan-an ò ní mọ̀ pé wọ́n gbá òun.

Ó ní ká tẹ́ tìmùtìmù òun sẹ́nu ọ̀nà, kí òun máa rí òkun, kí òun sì tètè máa rí àlejò tó ń bọ̀, kí òun lè ti díbọ́n sùn kó tó dé.

Mo ti ń yọ́ lọ sílé ìdáná láti lọ gbé ọbẹ̀ ìyanu mi kaná. Ó pè mí padà.

"Jókòó. Gbọ́. Nígbà tí o bá ń dá oúnjẹ sè..."

Kò sọ pé "bí o bá". "Nígbà tí" ló sọ. Ó sì sọ pé "dá".

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ: ibi tí táǹkì omi ti ń jò, ìgbà tí wọ́n ń gbin kókò, ẹlẹ́dẹ̀ tó máa ń díbọ́n bí aláìsàn kí wọ́n lè bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, pé kí n máa pe Litia ọmọ wa ní Sydney, kí n má dúró dìgbà tó bá pè. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ti ẹni tó ń fa ìdarí ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi ń mi orí bí alángbá.

Mo wọ ilé ìdáná. Mo wo ẹja, ẹja wò mí. Mo bu iyọ̀ kún ọwọ́ méjèèjì, mo dà á sí i.

Èrò mi rèé, kí ẹnikẹ́ni má kà á: ọkọ tí kò tíì mọ nǹkan kan ṣe, ta ló máa lè fi í sílẹ̀ lọ? Iṣẹ́ tí kò tíì parí, ọ̀gá kì í kúrò nídìí ẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. Ó pa ojú dé. "Penaia. Ṣé ẹja lo sè ni, àbí òkun?"

"Mò ń kọ́ ọ ni."

"Kò burú. Lọ́la a ó tún un ṣe."

Lọ́la! Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Iṣẹ́ ńlá ni àìmọ̀kan. Ó ti rẹ̀ mí.

Ìrẹsì mi le bí òkúta etí òkun. Mo fọ súlù aláwọ̀ ewé tó máa ń ró mọ́dìí, mo sá a láìfi nǹkan há a, afẹ́fẹ́ gbé e lọ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbin kókò, mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Ọ̀gákọ̀ jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń fi igi ìgbálẹ̀ tọ́ka: "Òsì! Mo ní òsì! Ọ̀tún rẹ nìyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ!"

Ilaitia wà ní fàrándà pẹ̀lú igbá yaqona rẹ̀, omi gbòǹgbò tí a ń mu níbí. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin kì í bá ara wọn ṣàwàdà níbí, èèwọ̀ ni. Nítorí náà èmi àna ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tòun ti ariwo, kí ẹnì kan nínú ilé lè gbọ́.

"Penaia! Kókò yẹn ń béèrè pé orí òun dà o!"

"Penaia! Má da ìrẹsì yẹn nù, a ó fi mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú ilé. Ilaitia bojú wo inú igbá, bí ẹni pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ẹ̀rín náà dá láàárín, ó di ìrora. Àlejò ni Ọ̀gákọ̀ ń pè é. Mo fún un ní oògùn olómi tí ọsibítù fún wa. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú títí Àlejò fi lọ. Ó ní, "Èyí ni mi ò rí oorun fi tàn jẹ."

Litia pè láti Sydney. "Màmá, ṣé ẹ ti múra fún iṣẹ́ abẹ?" Ìyá ẹ̀ ní, "Ká wò ó, ọmọ mi." Ká wò ó? Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ewé òroǹbó. Mo fẹ́ díbọ́n pé mi ò mọ ìyẹn náà ṣe. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Kelera! Kelera ló tú mi fó!

Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó gbé adìyẹ tó fi omi àgbọn sè wá. Ọ̀gákọ̀ dúpẹ́. Kelera ní, "Ẹ má dúpẹ́, Màmá Litia, kò dé ẹsẹ̀ ọbẹ̀ ẹja tí Bàbá Litia gbé fún mi lọ́jọ́rú. Ẹ ò sọ fún mi pé alásè lẹ fẹ́!"

Mo ń wo àjà. Àjà ilé wa dára púpọ̀.

Kelera lọ. Ọ̀gákọ̀ yí ojú sí mi. Mo ní kí n ṣàlàyé, ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti àná," ó ní. "O jókòó sórí àga ìfá-àgbọn láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, eyín irin tó wà lórí àga yẹn á ti fún un ní ẹ̀kọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"O ń gbìyànjú púpọ̀. Ó ń dùn mọ́ mi."

Ó ní kí n súnmọ́. Mo súnmọ́.

"Penaia, mi ò ní padà sí ọsibítù."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Dókítà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Wọ́n lè là mí, kí n rí oṣù mélòó kan sí i, lórí ibùsùn ọsibítù ní Suva. Wọ́n lè là mí kí n má jí. Mo ti sọ fún un pé mo máa rò ó. Mo ti rò ó. Òkun mi nìyí. Ẹlẹ́dẹ̀ mi nìyí. Òpònú mi nìyí."

Mo bínú. Mo pariwo mọ́ ọn — mo pariwo mọ́ obìnrin tí mo ń gbé bí ẹní! Mo ní kò bi mí léèrè. Mo ní kò bi Litia. Ó ní, "Mò ń bi ẹ́ báyìí. Bí mo bá bi ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé o máa jẹ́ kí n gbádùn ìrẹsì olókùúta?"

Mo jáde lọ sétí omi. Ilaitia tẹ̀ lé mi, ó jókòó. Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó lọ ṣáná sí ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí àkókò àtipadà ti tó. Ọkọ̀ ń kùn níwájú ilé. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gákọ̀ ń wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pàṣẹ.

Mo ní, "Ilaitia, pa á."

Ó pa ọkọ̀. Ó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 18

Dókítà ò jà. Litia sunkún, ó bínú, ó sunkún, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Nọ́ọ̀sì Seini wá láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé kejì. Oògùn olómi kò tó mọ́, abẹ́rẹ́ ló kù, ẹnì kan nínú ilé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un. Ó fi hàn mí: bí wọ́n ṣe ń fa oògùn, bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde, bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì gbá awọ itan mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbà ní ọjọ́ díẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó dúró."

Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró.

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Ọ̀gákọ̀. Ọ̀gákọ̀ ní, "Ó máa ń tètè mọ nǹkan," bí ìyá tó ń fi ọmọ yangàn lẹ́yìn ìsìn.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Kò dùn mí rárá."

"Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ ni mò ń pa," ó ní, ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ tí òkun wà.

Ó ti sùn. Ó ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń wá èbúté. Àlùfáà ń bọ̀ lójú ọ̀nà, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo ti dùbúlẹ̀ tì í, mo pa ojú dé, ìka mi nìkan ló ń kọ̀wé.