Kí Àṣàkẹ́ Má Ta Máṣíìnì Rẹ̀ Nítorí Èdè Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòròdú, bí orúnkún mi ò tiẹ̀ gbà mọ́. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè lójúde.

Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà tí ìrẹsì mi ò wọlé mọ́, ọ̀dọ̀ Ràfíù ọmọọmọ mi ni mo wà. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí, omi ń wọ yàrá, kò sì sẹ́ni tó ń kí mi láàárọ̀.

Mo gbọ́ pé Àṣàkẹ́, ọmọọmọ yín, fẹ́ ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ torí aṣọ Kútọnu ò wọlé mọ́, kó wá kọ́ èdè kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Ràfíù. Ẹ má gbà fún un.

Mo ti fi Ràfíù yangàn fún yín pé ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Irọ́ kọ́. Àmọ́ kò tíì kọ́ ọ tán tí wọ́n fi ṣẹ̀dá òmíràn. Ó kọ́ ìyẹn, wọ́n tún gbé ẹ̀kẹta dé. Ẹ̀kẹrin ló ń kọ́ báyìí. Mo bi í pé kí ni tuntun ń ṣe tí àtijọ́ ò lè ṣe. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni, pé tuntun kàn yá díẹ̀ jù ú lọ. Mo ní ṣé nítorí díẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wó ilé tí kò jò?

Níbi iṣẹ́ Ràfíù, wọ́n da ohun tó fi ọdún mẹ́ta kọ nù, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kan fi èdè tuntun tún un kọ. Ohun náà ò bàjẹ́ o! Wọ́n sì lé òun náà mọ́ ọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n ń pè é ní bàbá àgbà. Orí rẹ̀ sì ti ń pá lóòótọ́.

Mo wá bi í pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fẹ́ kọ́ Àṣàkẹ́. Èyí àtijọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ lé e ni! Ó ní èyí nìkan ló dá òun lójú, àti pé bí Àṣàkẹ́ bá dé, àwọn yóò jọ máa san owó ilé.

Àṣàkẹ́ ò mọ aṣọ rán tó bẹ́ẹ̀. Ọrùn bùbá tó rán fún mi kọjú sí èjìká. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí lọ́la sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti di ohun àtijọ́. Kó máa rán àpò gààrí títí bọ́dà yóò fi ṣí.

Ràfíù fúnra rẹ̀ ló ń bá mi kọ èyí. Ó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó máa kọ lọ, pé aládùúgbò wa ni yóò kà á fún mi kí n tó fi ránṣẹ́. Bó bá fo ọ̀rọ̀ kan, màá mọ̀.

Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà, á dá ọjà wa padà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ràfíù ọmọ yín náà ní òun kí yín.

Èmi àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Ìyá Rábí