Báńkì Kò Dá Ojú Mi Mọ̀ Mọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo ńkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde, kò ní jẹ́ kí àga ọ́fíìsì lẹ̀ mọ́ ọ nídìí, àmín. Gbogbo wa la wà láàyè níbí, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ìkíni tán. Ní iléèwé okòwò tí mo fi ìrọ̀lẹ́ ọdún méjì lọ kí n tó bí ọ, wọ́n kọ́ wa pé kí lẹ́tà máa lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: báńkì ti gbẹ́sẹ̀ lé owó mi, wọ́n ní kì í ṣe èmi ni mo ni ín, bàbá rẹ, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé báńkì, nìkan ló sì lè jẹ́rìí pé èmi ni, bàbá rẹ kọ̀, wọ́n ní àfi tí mo bá yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ìwé àwọn tó ń bá mi rìn láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí bàbá rẹ ò bá sọ ogún kílò nù, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn yóò gbé wọn ṣubú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà mi ò ní yọ orúkọ kankan. Ibi tí a dé dúró nìyẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé kílò méjìdínlọ́gọ́fà ni mo wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ó kù díẹ̀ kí ohun tí mo sọ̀ kalẹ̀ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, kò sì sẹ́ni tó bá mi sọ̀ ọ́. Inú mi ń dùn lọ ni, àfi bí fóònù tí o rà fún mi, tí báńkì wà nínú rẹ̀, ṣe ní kí n gbé ojú wá. Mo kí i, mo ní ẹ káàárọ̀, torí mi ò mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú. Ó ní kí n yí ọrùn, mo yí i. Ló bá ní òun ò mọ̀ mí rí! Mo ronú sí i, mo rí i pé ìyá sísanra ìjelòó yẹn ló ń wá. Mo bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ aṣọ kí ó lè dá a lójú. Ó kù díẹ̀ kó gbà, ló bá ní kí n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín báyìí, afẹ́fẹ́ jáde fùú bíi ti táyà tó jò, ó sì tì mí síta.

Mo gba báńkì lọ. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó ń fi bírò họ orí, wo àwòrán inú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó béèrè bóyá èmi ni àbúrò màmá yẹn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ohun tó sọnù, mo kọ kílò méjìlélógójì. Wọ́n béèrè ibi tó ti sọnù, mo kọ ojú ọ̀nà láti ilé wa dé ìdí afárá. Wọ́n béèrè bóyá mo ti lọ sọ fún ọlọ́pàá, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé rárá o, ẹ má bá mi wá a.

Àwọn ará àdúgbò gan-an ò sàn ju báńkì lọ. Ẹni tó bá rí mi á ní pẹ̀lẹ́. Lójú tiwọn, ẹni tó sanra ni ara rẹ̀ yá, ẹni tó bá rù, bí kì í bá ṣe àìsàn ló ń jẹ ẹ́, ọkọ ni. Káfíńtà tó ń kan pósí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo ní kó ki rúlà rẹ̀ bàpò, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà tí mo dá ẹgbẹ́ ìrìn àárọ̀ yìí sílẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò yọjú, torí “Ẹgbẹ́ Ẹ Jẹ́ Ká Rù” ni mo kọ sára ògiri. Ta ló fẹ́ rù? Mo fi ọ̀dà pa á rẹ́, mo kọ “Ẹgbẹ́ Afúyẹ́”, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ẹni mọ́kànlá ti wọlé. Ọjà kan náà ni o, àkọlé ló yí padà. Bíríkìlà ti ń so okùn bàtà fúnra rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá iléèwé rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó ní ó ti dàgbà ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Bàbá rẹ ni mo kọ ṣe ìkejìlá, mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn nígbà tí a jọ lọ sí báńkì. Alùpùpù méjì la gùn, èyí tó gbé bàbá rẹ ń mí ju àwọn fúnra wọn lọ. Akọ̀wé béèrè pé ṣé ìyàwó yín rèé, bàbá. Bàbá rẹ bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n ní èyí tí àwọn fẹ́ jù báyìí lọ, wọ́n ní kí báńkì lọ wá ìyókù jáde. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, bí mi ò bá ṣe ìyàwó wọn, kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò máa bá wọn họ ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ wọn ò dé. Akọ̀wé ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé.

Nílé ni wọ́n ti ní kí n yọ orúkọ àwọn, àwọn á fọwọ́ sí i lọ́la. Mo ní kí owó náà máa gbé ibẹ̀. Ìwọ mọ̀ mí, mi ò lè dúró kí omi hó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi bí mo ṣe tóbi tó yẹn ṣubú sí balùwẹ̀, bàbá rẹ nìkan ló gbé mi dìde, wọ́n ń kérora, wọ́n sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, wọn ò pe ẹnikẹ́ni kí ojú má baà tì mí. Bí àwọn náà bá ṣubú ńkọ́, ta ni yóò gbé wọn? Èmi tó kù bí ọwọ́ ìgbálẹ̀ yìí? Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí rédíò sókè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fóònù yìí kan náà, tó tún máa ń ka iye ìṣísẹ̀ èèyàn. Lọ́sàn-án, tí mo bá lọ ìpàdé ẹgbẹ́, orí àpótí ni mo máa ń fi í sí kó máa gba iná. Lọ́jọ́ Ajé mo dé, ó ti fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kún un. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó. Mo pè é ní òpùrọ́, mo gbé e lọ bá atúnfóònù-ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe fóònù yín, màmá, ẹnì kan ló ń gbé e rìn. Mo ní ta ni, nígbà tí kò sẹ́ni nílé bí kò ṣe bàbá… Mo gba fóònù mi, mo kọrí sílé.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé láti ìpàdé. Fóònù wà lórí àpótí, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e. Bàbá rẹ jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi ń kán láti orí dé àtàǹpàkò wọn. Wọ́n ní ooru ló mú. Òjò sì ń rọ̀ láti àárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ooru mú o.

Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí owó mi ṣì wà látìmọ́lé, fi owó fóònù kékeré kan ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Èmi á máa gbé tuntun káàkiri, eléyìí á máa wà lórí àpótí lọ́sọ̀ọ̀sán, kí iná rẹ̀ kún. Má pe bàbá rẹ láti kí wọn kú iṣẹ́, jíjókòó ni wọn á tún jókòó padà. Ọ̀rọ̀ báńkì náà, má dá a sílẹ̀. Mo sì rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ dà? Mo ti kọ ọ́ ṣe ìkẹtàlá.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹsẹ̀ tó lágbára àti ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹni tó ń rìn ní kọ̀rọ̀ kò ní yọ̀ ṣubú, ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i kò ní tètè lanu. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró.